Ẹ Ní Kí Onídìrí Dẹ̀ Ẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi gèlè bò ni mo fẹ́ sọ: irun tó ń re.

Kì í ṣe gbogbo irun tó re ló jẹ́ àìsàn. Irun bíi 50 sí 100 lè re lóòjọ́, òmíràn á hù. Ti ìyá ọmọ tuntun náà sábà máa ń padà bọ̀ sípò.

Dídìrí tó fún jù ló ń ṣe ọ̀pọ̀ wa. Bí ẹ bá dìrí tí ẹ ò lè sùn, tí ìléròrò kéékèèké yọ níwájú orí àti ẹ̀bátí, ẹ má wulẹ̀ gbé Panadol mì. Ẹ tú u! Àtáṣímẹ́ǹtì tó wúwo lórí irun tí a fi relaxer sí tún burú jù. Bí ẹ bá tètè jáwọ́, irun á padà hù. Bó bá pẹ́ jù, ojú ibẹ̀ á di àpá, kò ní hù mọ́.

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí tó ń fẹ̀ sí i, ẹ má fi òróró ṣeré sí i. Ẹ wá dókítà awọ ara. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń mú irun re. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ dá minoxidil lò o.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó ń sunkún níwájú onídìrí kì í ṣe olóríkunkun. Ó ń dùn ún ni. Ẹ má lù ú.