Ọjọ́ wo ni a ya fídíò yìí?

 

A ti mọ ìwé kà, a ti mọ nọ́ńbà kọ. Lónìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí àwọn nọ́ńbà kékeré tó máa ń wà ní igun fídíò ilé wa: ọjọ́, oṣù àti ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa, níhìn-ín ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òkú ìyá bàbá àgbà mi, wọ́n pe ẹni tó ní kámẹ́rà. Ó ya ijó, ó ya oúnjẹ, ó ya àwọn àgbà. Bàbá àgbà dìde. Ó ní òun yọ̀ǹda oko ọ̀pẹ kan fún ọ̀rẹ́ òun, kí ó máa kọ ẹyìn ibẹ̀ fún 20 ọdún láti ọjọ́ náà. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Bàbá àgbà kú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kú. Ní 2022, ìjà dé. Àwọn ará ilé wa ní 2001 ni òkú yẹn, 20 ọdún ti pé. Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá ní 2005 ni, ó ṣì ku ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ kan, wọ́n yọ àdá síra wọn lóko.

Ẹnì kan wá rántí fídíò. A wá kásẹ́ẹ̀tì náà rí, a wò ó. Ohùn bàbá àgbà dún kedere. Ṣùgbọ́n kí ni a rí ní igun àwòrán? 1-1-1998. Ní 1998, ìyá àgbà ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ́jà! Irọ́ ni nọ́ńbà náà ń pa.

Kí ló fà á? Aago kékeré kan wà nínú kámẹ́rà. Píìlì kékeré ló ń mú un ṣiṣẹ́. Bí píìlì yẹn bá kú, aago á padà sí ọjọ́ tí àwọn tó ṣe kámẹ́rà fi sí i. Fóònù míì á tilẹ̀ kọ 1970, nítorí pé láti 1 oṣù kìíní 1970 ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń ka ọjọ́.

Ta ló wá parí ìjà wa? Ìyá mi ni. Ó ní: « Ẹ wo ọmọ tí mo pọ̀n yìí. Eyín méjì péré ló ní. » Èmi ni ọmọ náà. Wọ́n mú ìwé ìbí mi jáde: oṣù kejì, 2003. Nítorí náà, 2003 ni òkú yẹn. Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá kọ ẹyìn fún ọdún kan sí i, wọ́n dá oko padà.

Ẹ gbọ́ o: kámẹ́rà kò mọ ọjọ́. Ohun tí a bá sọ fún un ló ń sọ. Ìwé tí a kọ lásìkò ló gbà wá.

Àwọn bàbá wa máa ń fi ohun ńlá rántí ọdún: òmìnira Dàhòmè, ní 1 oṣù kẹjọ 1960, ìgbà tí orílẹ̀-èdè wa di Bẹ̀nẹ̀, ní 30 oṣù kọkànlá 1975, ìgbà tí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fowó rà kọlu Kútọnu, ní 16 oṣù kìíní 1977. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Ìdí nìyẹn tí ìwé ọ̀pọ̀ òbí wa fi sọ pé a bí wọn « ní nǹkan bí » ọdún báyìí.

Kí ni kí a máa ṣe?

1. Kí ẹ tó ya fídíò, ẹ wo ọjọ́ tó wà nínú kámẹ́rà tàbí fóònù. Bí kò bá tọ́, ẹ tún un ṣe.

2. Ẹ mọ èyí tó ṣáájú. Lọ́dọ̀ wa, 04-08 ni 4 oṣù kẹjọ. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, 8 oṣù kẹrin ni.

3. Nínú kásẹ́ẹ̀tì kékeré DV, tó jáde ní 1995, ọjọ́ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó fara pamọ́. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, bọ́tìnì kan wà tó ń mú un hàn. Ẹ wò ó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí kámẹ́rà tó bàjẹ́.

4. Bí ẹnì kan bá fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ọjọ́ tó dé lè jẹ́ èyí tí ẹ ó rí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á.

5. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí ẹnì kan kọ́kọ́ dúró níwájú kámẹ́rà, kí ó sọ ọjọ́, oṣù, ọdún, ìlú àti ohun tí a ń ṣe. Kí ẹ tún kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí ẹ bá ní fídíò àtijọ́ tí kò ní ọjọ́, ẹ pe àwọn àgbà wò ó nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ wo ọmọ ọwọ́, ẹ wo ilé, ẹ wo igi. Wọ́n lè jẹ́rìí.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Òun ló ń mú babaláwo dífá lọ́rọọrún. Ẹ mú ìwé yín. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọjọ́ òní.