Ààlà Tí Òyìnbó Fi Sílẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ ní Ìkọ̀tún)



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá funfun, tí ó sì dá dúdú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ohun tí wọ́n ní kí n bá yín sọ lónìí ni ìyàtọ̀ tí ènìyàn ń fi sí àárín ènìyàn nítorí àwọ̀ ara, nítorí ìran, tàbí nítorí ohun tí ó wà lápò. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, ọkàn wa a lọ sí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun ti jẹ gàba títí di ọdún 1994, tàbí sí Amẹ́ríkà. N kò ní lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Òpópó Martins ní Erékùṣù Èkó ni mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1947, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ivor Cummings dé sí Èkó láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, ní ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso lókè òkun, iṣẹ́ ìjọba náà ni ó sì bá wá. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó dé, tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò sí ààyè fún un mọ́. Ẹ wò ó: ìjọba tí ó ni ilẹ̀ lọ́wọ́ ni ó rán an, síbẹ̀ kò rí ibi sùn sí láàárín ìlú tí àwọn tí ó jọ ọ́ kún fọ́fọ́.

Inú bí ará Èkó. Ìwé ìròyìn West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe gbé ọ̀rọ̀ náà sókè, àwọn olóṣèlú tí kì í gbọ́ ara wọn yé sì fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin ní àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni hòtẹ́ẹ̀lì yẹn kò dá ìwà náà sílẹ̀. Òfin ni ó kọ́ ọ. Nígbà tí Lugard ń ṣàkóso Nàìjíríà, òfin ìlú ti ọdún 1917 ya ibùgbé Òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọmọ ilẹ̀, wọ́n sì ní kí yáàdì 440, ìyẹn nǹkan bí mítà 400, ṣófo láàárín wọn. Ẹ̀fọn ni wọ́n fi ṣe àwíjàre: wọ́n ní ara ọmọ adúláwọ̀ ni ẹ̀fọn ti ń gbé ibà wá fún Òyìnbó. Síbẹ̀ wọ́n gbà kí àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ máa sùn nínú ọgbà wọn. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀fọn mọ ẹni tí ń se oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Ìkòyí ṣe di ti Òyìnbó, pẹ̀lú ọ̀nà tí ó gbòòrò àti igi tí ó fún ni ní ìbòòji, tí àwọn tiwa sì há gádígádí sí Ìsàlẹ̀ Èkó.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Cummings, wọ́n pa orúkọ àwọn àdúgbò Òyìnbó wọ̀nyí dà. Wọ́n di ibùgbé òṣìṣẹ́ ìjọba, èyí tí gbogbo wa ń pè ní GRA. Orúkọ ni ó yí padà. Nígbà tí a gba òmìnira ní ọdún 1960, àwọn ọ̀gá tiwa náà kó sínú àwọn ilé náà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, owó ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọ̀ ara ń ṣe.

Èmi kò sọ ọ́ láti fi bínú sí ẹnikẹ́ni. Ní oṣù keje ọdún 1990, gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Èkó, Raji Rasaki, fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje péré kí wọ́n kó jáde. Lẹ́yìn náà ni katapílà dé. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó pàdánù ilé. Dúdú ni ẹni tí ó pàṣẹ, dúdú ni ẹni tí ó wa katapílà, dúdú ni ẹni tí ó ru ẹní rẹ̀ lórí. Ilé àwọn olówó ni ó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin ilé gbígbé ní ọdún 2011, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹni tí ó bá mọ ààlà àtijọ́ yóò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀hún ni ó ń wá sí ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ó pọ̀ tó o ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Ìgándò, ẹ mọ àkìtàn tí wọ́n ń pè ní Solous, tí kò jìnnà sí ilé-ìwòsàn ìjọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ ń kó ìdọ̀tí láti apá ibi púpọ̀ ní Èkó wá dà síbẹ̀. Ẹni tí kò rówó gba ilé níbòmíràn ni ó ń mí afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Yorùbá ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lókè àjà fún ìyàwó. Pàṣán yẹn ni mo fẹ́ kí á sọ̀ kalẹ̀, nítorí ọwọ́ tèmi náà ti kàn án.

Bàbá wa fi ilé kan sílẹ̀ fún wa ní Ẹgbẹ́dá. Ní ọdún 2019, yàrá kan ṣófo níbẹ̀. Ọkùnrin kan wá, ọmọ Kánò tí ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Ìkọ̀tún. Owó rẹ̀ pé, ìyàwó kan àti ọmọ méjì ni ó ní. Mọ́sálásí kan náà ni a jọ ń kírun. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn kò gba irú wọn. N kò bá wọn jiyàn. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ẹlòmíràn ti san owó yàrá. Irọ́ ni mo pa. Yàrá náà ṣófo fún oṣù mẹ́ta gbáko, èmi tí mo mọ ìtàn Bilal, ọmọ Hábáṣà tí Ànábì ní kí ó gun orí Kábà lọ pe ìrun ní ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, tí mo sì máa ń sọ ọ́ fún ọmọdé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹ́jẹ́ǹtì ṣiṣẹ́, ẹ̀yin tí bàbá yín ní ilé, nígbà tí wọ́n bá tún bi ayálégbé pé ọmọ ibo ni, ẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ óò máa ṣe wáàsí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, èjìká ọkùnrin náà kan tèmi lórí ìlà. Lẹ́yìn ìrun ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ti rí ilé sí ẹ̀yìn àkìtàn Ìgándò. Ó pẹ́ kí n tó lọ kí i. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó gbé àga fún mi, ìyàwó rẹ̀ bu omi wá, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú nítorí òórùn.