Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ohun tí Àwọn Àgbà Ìdíkàn Kọ́ Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Ìjàn-Èkìtì

 

"Ó jẹun alẹ́, ó sùn, kò jí mọ́." Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ Èkìtì. Bí olóògbé bá jẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún tí ara rẹ̀ le, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọwọ́ ti nà sí ìyá àgbà kan nínú agbo ilé pé òun ló pa á. Ó máa ń dùn mí. Púpọ̀ nínú irú ikú bẹ́ẹ̀, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ohun tó fà á wà, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kó tó pa èèyàn.

Ọ̀rá tí àwọn dókítà ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í ṣe májèlé. Ara wa fúnra rẹ̀, pàápàá ẹ̀dọ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara kò sì lè ṣe láìsí i. Wàhálà wà nínú bí ó ṣe ń rìn. Èyí tí wọ́n ń pè ní LDL ló ń gbé e kiri inú ẹ̀jẹ̀. HDL ló ń kó àṣẹ́kù padà sí ẹ̀dọ̀. Bí LDL bá pọ̀ jù, á máa wọ ara ògiri iṣan, á máa kóra jọ, ọ̀nà á máa fún. Lọ́jọ́ tí ojú ibẹ̀ bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e. Bó bá jẹ́ ní ọkàn, ó lè pa èèyàn lójijì; bó bá jẹ́ ní ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé. Kò ní fọ́ni lórí kó tó ṣe é, kò sì ní dá ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí.

Ọmọ Èkìtì kan wà tí mo fẹ́ kí a rántí lónìí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, onímọ̀ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn. Ní 1992, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pẹ̀lú Yunifásítì Indiana. Wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn àgbà ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù ò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni wọ́n ń wá. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà Ìdíkàn, nǹkan bíi 13 sí 14 ló ń kó o lọ́dún. Ti Indianapolis lé ní 32. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn ará Ìdíkàn kéré jọjọ sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà, wọn ò sì sanra tó wọn.

Ìhà ibí yìí l'Áfíríkà ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn babańlá àwọn ará Indianapolis yẹn lọ. Nítorí náà, mi ò gbà pé àjogúnbá nìkan ló dáàbò bo àwọn àgbà wa. Mo gbà pé iyán, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran díẹ̀ àti ẹsẹ̀ rírìn lọ sóko ni. A sì ń jù wọ́n nù lójú ara wa. Ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà oko báyìí.

Wọn á bi mí nípa epo pupa, ó dá mi lójú. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rárá, nítorí ara igi ló ti wá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá líle, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ wo ìgò epo yín nígbà ọyẹ́: ìsàlẹ̀ á dì gbagidi, òkè á ṣì máa ṣàn, òróró ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní dì. Ohun tó dì yẹn ni mò ń sọ. Mi ò ní kí ará Ìjàn má fi epo se ẹ̀fọ́ mọ́. Ó ń ṣe ojú lóore. Ṣíbí méjì nínú ìkòkò ilé ò jọ ọbẹ̀ òde àríyá tí epo léfòó bo ṣàkì àti ẹ̀dọ̀. Èyí tó burú ju epo pupa lọ ni ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi ọgbọ́n sọ di líle, tí wọ́n ń pè ní trans. Láti 2022 ni NAFDAC ti ṣòfin pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá.

Fún ẹlòmíràn, oúnjẹ nìkan ò ní tó; á nílò oògùn. Akira Endo, ọmọ Japan, ló rí irú oògùn statin àkọ́kọ́ ní 1973, lára ẹ̀yà ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. 1987 ni èyí àkọ́kọ́ dé ọjà. Statin ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù. Bí ẹran ara bá ń ro yín lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì fi àgbo pààrọ̀ rẹ̀. Kí aláboyún má lò ó láìjẹ́ pé dókítà ní kó lò ó.

Ẹni tó bá ti pé 40 ọdún, tàbí tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lọ gba àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn ńlá wà l'Adó-Èkìtì, òmíràn wà ní Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá (ABUAD) lójú ọ̀nà wa níbí. Nínú ìwé èsì tí wọ́n fi mg/dL kọ, kí àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù má tó 200. LDL tó bá tó 160 ti ga. Bó bá tó 190, ó lè jẹ́ ti ìdílé. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ìyá yín, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín náà lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.