Ká Tó Pàdánù Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì Wa

Kásẹ́ẹ̀tì Haruna Ishola àti Ayinla Omowura tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi gba ohùn ìyá àgbà tó ń ki oríkì ilé, ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́ nínú páálí. Ẹ jẹ́ ká gbà á sórí kọ̀ǹpútà.

Tó bá ti débẹ̀, ẹ fi Jellyfin sí i, ọ̀fẹ́ ni. Sípíkà Bluetooth dáa, àmọ́ bí fóònù bá ti jìnnà ju bíi mítà 10 lọ, ohùn á máa já, ká má tiẹ̀ sọ ti ògiri. Ti Wi-Fi ni mo fara mọ́. Ẹ bèèrè bóyá ó gba DLNA kẹ́ ẹ tó sanwó.

Dátà ńkọ́? Kò jẹ dátà o! Inú ilé náà ni orin ti ń rìn, router ló ń gbé e. Iná ìjọba nìkan ni wàhálà.

Kí ẹ̀dà kan wà nílé ẹlòmíì, torí kọ̀ǹpútà náà ń kú. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì oríkì, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé.