Kọfí Àtọdúnmọ́dún: Ìtọ́jú Ni, Kì í Ṣe Ìgbàgbé

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ènìyàn fi owó gidi ra hóró kọfí tí ó ti lo ọdún mẹ́ta nínú àpò, nígbà tí ti ọdún yìí wà lọ́jà? Ìbéèrè náà kan ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí Agbègbè Òwò Ọ̀fẹ́ Lẹ́kkí. Ẹni tí ó mọ iyán jẹ kò ní í yára dáhùn. Ògbólógbòó iṣu inú àká ni ọ̀pọ̀ àgbà fẹ́ràn láti gún, kì í ṣe èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹmu àárọ̀ ni ó dùn. Ti àná ti kan.

Kọfí ní ìwà méjèèjì. Bí a bá ti yan án, ó di ẹmu: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òórùn dídùn rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Hóró gbígbẹ tí a kò tíì yan ni ó dàbí iṣu inú àká.

Òkun ni ó kọ́kọ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Láyé ọkọ̀ onígbòkun, kọfí ilẹ̀ Íńdíà a máa lo oṣù bíi mẹ́fà lójú omi, yípo gúúsù Áfíríkà, kí ó tó dé Yúróòpù. Ọ̀rinrin inú ọkọ̀ a mú kí hóró náà wú, kí àwọ̀ rẹ̀ kúrò ní ti ewé, kí ó dà bí ti koríko gbígbẹ; kíkan inú rẹ̀ a sì rọlẹ̀. Nígbà tí a ṣí ọ̀nà omi Suez ní 1869, tí ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì sì gé ìrìn àjò kúrú, kọfí ń dé pẹ̀lú àwọ̀ ewé lára. Àwọn tí ti àtijọ́ ti mọ́ lẹ́nu kò rí adùn tí wọ́n ń wá. Ni àwọn ará etí òkun Malabar bá ń tẹ́ hóró sínú ilé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ẹ̀fúùfù òjò oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án lè fẹ́ sí i. Wọ́n ń yí i padà, wọ́n sì ń ṣa èyí tí ó bàjẹ́ kúrò. Ní Sumatra, àwọn mìíràn ń tọ́jú tiwọn fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọfí bẹ́ẹ̀ kì í kan. Ó máa ń ki lẹ́nu, a sì máa ta òórùn igi àti ti èròjà ọbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ òórùn òdòdó kò ní í yàn án.

Bí Malabar ti kọjú sí òkun ni Lẹ́kkí náà wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Agbègbè òwò náà bẹ̀rẹ̀ ní 2006, èbúté inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ọ̀rinrin kò wọ́n níbẹ̀. Hóró tí ó gbẹ dáadáa ní omi tó ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ láìsí amójútó, a bu, oró tí ń ba kíndìnrín jẹ́ sì lè wọ inú rẹ̀. Oníṣòwò tí ó bá gbàgbé àpò síbẹ̀, tí ó wá pè é ní kọfí àtọdúnmọ́dún, ẹ̀tàn ni ó ń tà.

Àwọn oníṣòwò obì gbàǹja ti mọ èyí tipẹ́. Agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí nínú ni wọ́n ń kó obì sí. Wọ́n ń tú u wò, wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ, obì a sì pẹ́ fún oṣù púpọ̀.

Àgbẹ̀ Kábà àti ti òkè Mambila ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, ní kọfí àti obì lábẹ́ àbójútó kan náà. Bí ọgbọ́n obì bá wọ ilé ìkẹ́rùsí kọfí, àgbẹ̀ yóò lè dúró de owó tí ó tọ́, kò ní í máa ta ọjà rẹ̀ lọ́pọ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé yóò bàjẹ́.