Bí Ojú Ọmọ Tuntun Bá Pọ́n, Ẹ Ka Ọjọ́

 

Bí ènìyàn bá ń bínú, a máa ń ní kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Sùúrù ni à ń bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àrùn kan ń bá ẹ̀dọ̀ àti òróòro ọmọdé jà tí kò gba sùúrù rárá.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro. Omi yìí ń gba ọ̀nà tín-ínrín kan lọ sínú ìfun, kí oúnjẹ lè dà. Òun ló ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀. Ọ̀nà yìí máa ń dí lára àwọn ọmọ mìíràn. Omi náà kò ríbi gbà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe èpè. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ojú ọmọ a pọ́n rúsúrúsú. Ìtọ̀ rẹ̀ a dúdú bí omi tíì. Ìgbẹ́ rẹ̀ a funfun bí ògì. Ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ń pọ́n, á sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá kọjá ọjọ́ 14, ẹ má ṣe po àgbo. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ìgbẹ́ bá funfun, tàbí ojú pọ́n lọ́jọ́ tí a bí i, tàbí ọmọ kò mu ọmú, ẹ má dúró di ọ̀la.

Kí ló dé tí mo ń ka ọjọ́? Dókítà Morio Kasai, ará Jàpáànì, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń so ìfun mọ́ ẹ̀dọ̀, kí omi òróòro lè ṣàn. Ó máa ń dára jù bí ọmọ kò bá tíì pé ọjọ́ 60. Bí ó bá pẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ mìíràn nìkan ló kù.

Ní 1963, Dókítà Thomas Starzl kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ọmọ kan ní Amẹ́ríkà. Ọmọ náà kú. Ní 1967, òmíràn lò ju ọdún kan lọ. Ní 1989, ní Chicago, wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀ ìyá kan, wọ́n fi sínú ọmọbìnrin rẹ̀. Ìyá yè, ọmọ yè. Ẹ̀dọ̀ tí a gé a máa tún hù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ti lọ ṣe é ní Íńdíà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè gbé oko kòkó lọ. Owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Àrùn ẹ̀dọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Èyí ní abẹ́rẹ́ àjẹsára: lọ́jọ́ ìbí, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀. Ẹ ka káàdì rẹ̀ fúnra yín. Ẹ wo ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ wo aṣọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ kà kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí.