Àkàrà-Ògùn àti Sàró: Ẹnu Ta La Ti Gbọ́ Ìtàn Yìí?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi tó wà ní SS2 gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá bá mi. Wọ́n ní kó fi Àkàrà-Ògùn inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà kọ lọ́dún 1938, wé Sàró inú Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan tó jáde lórí Netflix lọ́dún 2022. Ó ti fa ilà sáàárín ìwé. Lápá kan: ọdẹ ni, ó lóògùn. Lápá kejì: ahunṣọ ni, ó ní adó tó ń jí òkú. Ó ní òun ti parí ẹ̀ nìyẹn.

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ jáde ní girama ni, mo sì ń gba máàkì. Ṣùgbọ́n ká to nǹkan jọ sí apá méjì, ìyẹn ò tíì di ìfiwéra. Ìbéèrè kan náà ni ká bi àwọn méjèèjì. Mo ní, "Ta ló ń sọ ìtàn yìí fún wa?"

Nínú ìwé, Àkàrà-Ògùn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ẹlòmíì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àjẹ́ ni ìyá òun, pé bàbá òun yìnbọn sí ẹran kan lóru, àfi bó ṣe jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹnu ọmọ la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá.

Kámẹ́rà ní tiẹ̀ kò dúró ti Sàró nìkan. Ó wọ ààfin lọ, ó jẹ́ ká rí ojú tí Àrólákẹ́ rí lọ́wọ́ àwọn olorì àgbà. Nígbà tó wá da ohun inú adó nù, a ti mọ ohun tó gbé e débẹ̀.

Mi ò ní Fágúnwà ṣàṣìṣe o. Tí kì í bá ṣe ohùn Àkàrà-Ògùn fúnra rẹ̀, ẹ̀rù igbó yẹn ò ní bà wá tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí kámẹ́rà bá tẹ̀ lé ìyá Àkàrà-Ògùn ńkọ́?"

Ó kọ ojú ewé méjì lórí ìyẹn nìkan. Olùkọ́ rẹ̀ wò ó, ó ní ilà àárín ìwé dà?

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń gbọ́ wa, èwo lẹ máa fún ní máàkì nínú méjèèjì?